Mọ́tò Tí Ẹ Gbé Sókè Nílé, Ta Ni Yóò Wọ̀ Ọ́?

Ẹ dúró ní ẹnu géètì ọgbà wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ ó rí wọn: Corolla tí ìdí rẹ̀ wà lókè bí ìdí àkùkọ tó fẹ́ jà, Camry tí ara rẹ̀ ti jìnnà sí táyà, Sienna tí ìyá àgbà kò lè wọ̀ àfi kí wọ́n gbé e. Àwọn onímọ́tò ń gbé mọ́tò sókè, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kankan mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú jáàkì kan, sípánà díẹ̀ àti àbúrò tó ń tan tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má bi wá pé kí ló kan ọmọ ẹ̀ka Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì. Àwa la ń wọ mọ́tò wọ̀nyí lọ sí kíláàsì láàárọ̀, mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú. A kò sì sí lára àwọn tó ní kí ìjọba fòfin de é pátápátá. Ọ̀nà wa kò dára. Bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò ń fi sìmẹ́ǹtì mọ fúnra wọn, òmíràn ga ju abẹ́ Corolla lọ, ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń gbé ló sì kọ́kọ́ máa ń fara gbá a. Ẹni tó ti jó ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ wẹ́dà, kí la fẹ́ bá a jiyàn sí? Ohun tí à ń sọ ni pé mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú rẹ̀ kò yẹ kó fi ju íǹṣì kan, ìyẹn mìlímítà 25, ga sí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é nílé, ibì kan wà tí sípánà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn.

(Bí a bá pè é ní ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọ̀kadà ni yóò wá sọ́kàn yín. Ẹ jẹ́ ká kúkú máa pè é ní ọkọ̀ tí táyà méjì ń wọ́, títí a ó fi rí orúkọ tó dùn jù bẹ́ẹ̀.)

Kí ló dé tó fi jẹ́ íǹṣì kan? Nítorí ṣáàfù ni. Irin gbọọrọ méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àwọn ló ń gbé agbára láti inú gíá lọ sí táyà iwájú. Ṣáàfù kọ̀ọ̀kan ní oríkèé níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, bí orúnkún ṣe wà lára ẹsẹ̀, rọ́bà tó ní ìṣẹ́po ló sì bo oríkèé náà kí gírísì inú rẹ̀ má bàa jáde. Nígbà tí mọ́tò bá wà bí wọ́n ṣe ṣe é, ṣáàfù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ wá gbé mọ́tò sókè: gíá bá ara mọ́tò lọ sókè, táyà wà nílẹ̀ níbi tó wà. Ṣáàfù ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìyẹn, oríkèé rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní títẹ̀ lójoojúmọ́, kódà lójú títì tó tọ́ gbọnrangandan. Ìṣẹ́po rọ́bà á máa ha ara wọn títí yóò fi ya. Gírísì á tú jáde, iyanrìn á wọlé. Láìpẹ́, bí dírẹ́bà bá ti yí ọwọ́, ẹ ó máa gbọ́ ká-ká-ká-ká lábẹ́. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, bó ti wù kó tẹná tó, mọ́tò ò ní kúrò lójú kan.

Bí íǹṣì náà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni gbogbo èyí ṣe ń yá sí i. Àwọn kan a sì máa to ike méjì lérí ara wọn!

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ lo ike. Rọ́bà roboto kan ni wọ́n ń há sáàárín ìká sípíríǹgì, torí kò gba títú. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìká tí rọ́bà há kò lè ká mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti já lé ìyókù lórí. Mọ́tò á le bí kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwa tá a jókòó lẹ́yìn là ń fi ẹ̀yìn wa ka kòtò.

Ohun tó ń dùn wá jù ni irọ́ tí wọ́n fi ń tan ara wọn, pé mọ́tò tó bá ti ga ti di jíìpù. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí táyà kan nínú méjì tí ẹ́ńjìnnì ń yí bá bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀, òun tí kò rí nǹkan dì mú ni agbára ń lọ bá, á sì máa yí lásán. Gíga kò yí ìyẹn padà. Peugeot 504 tí àwọn bàbá wa ń wọ̀, tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti ọdún 1975, táyà ẹ̀yìn méjì péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, ó sì ń wọ oko. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fún un ní gíga àti sípíríǹgì tó bá ara wọn mu láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó dáa, ẹ ti pinnu pé ẹ ó ṣe íǹṣì kan nílé. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla. Lórí ṣọ́ọ̀kì iwájú kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́ta wà tó yí ńlá kan ká. Àwọn mẹ́ta yẹn ni kí ẹ tú lókè, pẹ̀lú bóòtù ìsàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì á jáde pa pọ̀, ike á gun orí wọn, wọn á padà sáyè wọn. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín yẹn ni à ń wí. Òun ló di sípíríǹgì mọ́lẹ̀, ní kíká, pẹ̀lú agbára tó lè fọ́ àgbọ̀n èèyàn. Ẹni tó bá tú u láìjẹ́ pé ó ti fi irin tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì mú un, ó ń yìnbọn sí ojú ara rẹ̀ ni. Ẹ má sì wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Búlọ́ọ̀kù kò ṣeé fọkàn tán, ó lè là lójijì. Ẹ wá ẹsẹ̀ irin, kí ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn. Ẹ tú rọ́bà bíréèkì kúrò lára ṣọ́ọ̀kì kí ó má bàa na.

Ti Hilux tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń wọ́ rọrùn díẹ̀, torí kò sí ṣáàfù níwájú rẹ̀. Pákó tí àwọn kan ń kì sábẹ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ la kò gbà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan ní owó mẹkáníìkì ló lé àwọn èèyàn sẹ́yìnkùlé. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ náà, mọ́tò gbọ́dọ̀ lọ fún alignment, èyí ò ṣeé ṣe lẹ́yìnkùlé, owó rẹ̀ sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fò. Wọ́n tún máa ń gbàgbé iná iwájú. Bí imú mọ́tò bá ti gbé sókè, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni iná náà ń lọ bá tààrà. Ìwúwo mọ́tò náà ti gòkè: bí dírẹ́bà bá ṣàdédé yà fún kòtò, pẹ̀lú àwa mẹ́fà nínú rẹ̀, yóò fì ju bó ṣe ń fì tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé ara rẹ̀ nìkan lè fara mọ́ ìyẹn. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ èrò, kí ó dá mọ́tò rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tàbí kó fi mọ sí íǹṣì kan, kí àwọn alága gáréèjì sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fún un ní tọ́ọ̀nù.

Ní báyìí ná, kí ẹ tó wọlé láàárọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà iwájú. Bí gírísì bá ti ta sára rímù, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀.