A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò fún yín. Ẹjọ́ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti dákẹ́ lé e jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, ọmọdé ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ síbi tí ẹgbẹ́ SDP gbé ń yan èèyàn ní wọ́ọ̀dù wa. Ẹni tí o bá fẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàá tò sí, wọn á sì kà yín ketekete lójú gbogbo ayé. Option A4 ni wọ́n pe ètò náà: láti wọ́ọ̀dù dé ìjọba ìbílẹ̀, dé ìpínlẹ̀, títí dé Jos, níbi tí wọ́n ti yan M.K.O. Abíọ́lá ní oṣù kẹta ọdún náà. Ìjọba ológun ló dá ẹgbẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, ìjọba ológun kan náà ló sì fagi lé ìbò June 12. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi, télọ̀ lásán-làsàn, a máa fọ́nnu pé, "Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tá a yàn án."

Nínú àwa tí a jẹ́ ọmọ rẹ̀, ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 2021, àwọn aṣòfin ní Àbújá kọ ọ́ sínú àbá òfin pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni kó máa dìbò yan olùdíje. Ààrẹ Bùhárí kò fọwọ́ sí i. Ó ní owó tí yóò ná wọn ti pọ̀ jù. Òfin tó wá fọwọ́ sí ní oṣù kejì ọdún 2022 fún ẹgbẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí àwọn aṣojú dìbò, tàbí kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnì kan. Èwo ni APC àti PDP mú nígbà tí wọ́n ń yan ẹni tí yóò du ipò ààrẹ lọ́dún náà? Aṣojú ni! Èèyàn díẹ̀ ló rọrùn láti kó sínú òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn òṣìṣẹ́ EFCC tó lọ síbi ìpàdé PDP nígbà náà, ṣé ayò ni wọ́n lọ ta?

Wọ́n á ní mẹ̀kúnnù náà ń gbowó. Òótọ́ ni. Mo bi ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní ọjà Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́, pé kí ló dé tí wọ́n fi gba aṣọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "wọn ò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ rí. Aṣọ ni wọ́n gbé wá, aṣọ ni mo gbà." N kò rí èsì fọ̀.

Èmi alára gba káàdì ẹgbẹ́ kan. Wọn kò pè mí rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí èrò kún pápá. Ẹ wo ọ̀nà tó so ìlú wa méjèèjì pọ̀: ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, ọdún ń gorí ọdún láìparí, ọkọ̀ sì ń pa wá lójú ọ̀nà náà. Ìpàdé ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ti jẹ́ kí awakọ̀ kan dìde, kó bèèrè ìdí?

Ohun tí mo ń fẹ́ kì í ṣe àjèjì. Bí Ògbómọ̀ṣọ́ Parapọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: kówá dá, kí n dá, ká sì jọ sọ̀rọ̀. Kí ẹgbẹ́ òṣèlú máa gba owó oṣù kékeré lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kí ó já rìsíìtì. Kí ìpàdé wọ́ọ̀dù máa wáyé lóṣooṣù, kí ẹni tá a yàn wá jíhìn níbẹ̀. Kí gbogbo wa dìbò yan olùdíje. Òfin yòówù kí wọ́n ṣe, bí kò bá sí ìpàdé, ta ni ọmọ ẹgbẹ́? Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ń bọ́, ti onítọ̀hún ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún dé, ẹ má bi wọ́n pé èló ni. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni ìpàdé. Orí wa ni wọ́n fẹ́ fá, a kì í sì í fárí lẹ́yìn olórí.