Ìwé ló sọ ọkọ̀ àlòkù di olówó gọbọi: ẹ̀kọ́ Le Mans fún ará Bẹẹrẹ

Ẹ gbọ́ ná: ta ló máa san mílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n owó yúrò ó lé lórí ọkọ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún? Ẹnìkan san án o. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ RM Sotheby's lu Ferrari 250 LM kan ní gbàǹjo ní ìlú Paris, €34.88 mílíọ̀nù ni wọ́n sì tà á.

Kí ló dé tó fi gbówó tó bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ yìí ló gba ipò kìíní nínú eré wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1965. Jochen Rindt àti Masten Gregory ló wà á. Ilé-iṣẹ́ Ferrari kọ́ ló gbé e wá. Luigi Chinetti tó ń ta Ferrari ní Amẹ́ríkà ló gbé e wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, North American Racing Team. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí gbogbo ayé ń wò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lójú ọ̀nà, èyí ò dúró. Láti ìgbà yẹn, Ferrari ò tún borí ní Le Mans mọ́ títí di ọdún 2023. Láti 1970 ni ọkọ̀ náà sì ti wà ní mùsíọ́mù Indianapolis Motor Speedway kí wọ́n tó tà á.

Kì í ṣe irin àti tàyà nìkan ni wọ́n san owó fún. Ẹni tó ni í, ẹni tó wà á, eré tó sá, nọ́ńbà ara ṣáásí rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Àwa náà ní ọkọ̀ akọni. Peugeot 504 borí nínú eré Safari ní Kenya, nínú eruku àti ẹrẹ̀, lọ́dún 1975 àti 1978. Lọ́dún 1975 yẹn náà ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna. Àwọn bàbá wa gun 504 náà títí. Èló ló kù nínú wọn? Púpọ̀ ti di irin tí wọ́n gé tà, a ò tiẹ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ni wọ́n.

Micra tó ń gun òkè Mapó lónìí náà ti fẹ́ bá ọ̀nà yẹn lọ. Wọ́n á tà á láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrúnkà, rìsíìtì lásán ni, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ló ṣì wà lórí ìwé. Bí wọ́n bá fi jalè, tàbí ó gbá èèyàn, ilẹ̀kùn ẹni tó ti tà á ni ọlọ́pàá á kàn. Bí ẹni tó rà á bá kú, àwọn ọmọ á máa jà lórí ọkọ̀ tí kò sí lórúkọ bàbá wọn.

Lóòótọ́, owó àti wàhálà wà nídìí pípààrọ̀ orúkọ. Ó yẹ kí ìjọba jẹ́ kó rọrùn. Ṣùgbọ́n wàhálà tèṣàn ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi nọ́ńbà ṣáásí wé ìwé ọkọ̀. Ẹ kọ àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ orúkọ kíákíá. Ẹni tó tà náà, kó tọ́jú ẹ̀dà tiẹ̀. Àrọ́bá ni baba ìtàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àrọ́bá ò lè gba èèyàn sílẹ̀ ní tèṣàn o.