Kí A Tó Ra Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀bẹ̀ Lórí Àkọsílẹ̀ Ará Ìlú



Bí olùkọ́ obìnrin kan bá fẹ̀yìn tì ní Nàìjíríà, tí báńkì kọ orúkọ ọkọ rẹ̀, tí ọ́fíìsì owó oṣù sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lè há sáàárín méjèèjì. Yóò lọ búra ní kọ́ọ̀tù, yóò gbé e sínú ìwé ìròyìn, wọn yóò ṣì ní kó máa lọ kó máa bọ̀. Kò jalè, kò purọ́. Ètò àkọsílẹ̀ ló dá a dúró. Ohun kan ṣoṣo là ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nípa ará ìlú ní ibi kan tí a ti ń kọ ọ́, kí ọ́fíìsì yòókù máa wò ó níbẹ̀.

Ìyà yìí ti jẹ àwọn mìíràn rí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tirẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kó kúrò nílé, tí wọ́n tún àdírẹ́sì rẹ̀ kọ nínú fáìlì kan, ti àtijọ́ á ṣì wà nínú èkejì. Bí wọ́n bá yí bí fáìlì ṣe rí padà, gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tó ń kà á ni wọn yóò tún ṣe. Bí akọ̀wé méjì bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó fi tirẹ̀ pamọ́ kẹ́yìn lè pa iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ́.

Ohun tó bí dátábéèsì nìyẹn, ètò tó ń kó àkọsílẹ̀ sójú kan kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lò ó. Charles Bachman ṣe ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ní General Electric ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. IBM àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ṣe dátábéèsì IMS kí àkọsílẹ̀ àìmọye ẹ̀yà Apollo, ọkọ̀ tó lọ sí òṣùpá, má baà dàrú. Ní 1970, Edgar Codd ti IBM ní kí a to ọ̀rọ̀ sínú àtẹ, kí a fi àmì ìdánimọ̀ so àtẹ kan mọ́ òmíràn, kí ẹni tó ń béèrè má ṣe ní láti mọ ibi tí ẹ̀rọ kó o pamọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ríra dátábéèsì nìkan kì í ṣe àtúnṣe. Bí àtẹ kan bá ní àyè fún ọmọ kìíní, ìkejì àti ìkẹta, níbo la ó kọ ọmọ kẹrin sí? Ẹni tó kọ ọjọ́ orí dípò ọjọ́ ìbí ti kọ ohun tí yóò di irọ́ kí ọdún tó yí po. Ẹni tó fi orúkọ ṣe àmì ìdánimọ̀ ti gbàgbé iye Adébáyọ̀ tó wà n'Ìbàdàn. Títún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́jọ́ iwájú dà bí ìgbà tí a ń tún ìpìlẹ̀ ilé ṣe nígbà tí ayálégbé ti kún inú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin 2007 ló dá NIMC, àjọ ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, sílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ fóònù gba ìtẹ̀ka wa, àjọ ìdìbò gbà á, báńkì tún gbà á fún BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, láti 2014. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ ní Oṣù Kejìlá 2020 pé kí a so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí NIMC ń fúnni, mọ́ síìmù, èrò rọ́ lọ sí ọ́fíìsì nígbà tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé olè lè kó ohun tó wà lójú kan. Ìbẹ̀rù náà tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀dà túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ ibi tí olè lè gbà wọlé. A kò sì ní kí a da gbogbo rẹ̀ papọ̀: kí ọ̀rọ̀ ìlera wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kí ti ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ilẹ̀.

Nítorí náà, a ń béèrè:

1. Kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan gbé àwòrán ètò àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó fọwọ́ sí owó kọ̀ǹpútà.
2. Kí òfin dárúkọ ọ́fíìsì kan tó ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn yòókù máa bi í, kí wọ́n má dà á kọ.
3. Kí ó jẹ́ NIN ni yóò so àtẹ pọ̀, kì í ṣe orúkọ.
4. Kí ará ìlú lè rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tó wò ó, kí àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan sì dé ibi gbogbo.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ bi aṣojú yín léèrè kí wọ́n tó buwọ́ lu ìṣúná tó ń bọ̀: ta ló ya àwòrán ètò àkọsílẹ̀ náà, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Bí wọn kò bá ní ìdáhùn, kí wọ́n dá owó náà dúró.