Àwòrán Tí A Sanwó Fún Ha Ń Dé Ilé Wa Bí?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ayé ìgbà náà, bí àwòrán kò bá dé ilé dáadáa, gbogbo ará ilé ni yóò rí i: yóò máa gbọ̀n, yóò sì ṣú bàìbàì. Lónìí, àléébù náà kì í fi ara hàn mọ́. Èyí ni ó ń kọ wá lóminú.

Àwọn tí ń ta tẹlifíṣàn ń kọ "4K" gàdàgbà sí ara páálí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àmì ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ ojú ẹ̀rọ náà jẹ́ 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òró. Gbogbo rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 8, ìlọ́po mẹ́rin èyí tí à ń pè ní Full HD. Òtítọ́ ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ lè gbà yàtọ̀ sí ohun tí ó dé ọwọ́ rẹ̀. Agbè ńlá kò lè sọ omi díẹ̀ di púpọ̀. Bí àwòrán tí ó dé bá kéré, àméfò ni ẹ̀rọ náà yóò fi dí àlàfo tí ó kù.

Ilé-iṣẹ́ Netflix fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí ẹni tí yóò wo 4K ní íntánẹ́ẹ̀tì tí ń gbé mẹ́gábíìtì 15 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ: ní wákàtí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 7. Mélòó nínú àwọn tí ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ ni ó lè fi ìyẹn wo eré kan ṣoṣo? Bí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì bá sì dí ní alẹ́, ńṣe ni ètò náà yóò rọra dín àwòrán kù, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé àwọn ènìyàn mọ́lé, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín ẹrù ojú ọ̀nà kù. Netflix dín in kù ní nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, ó sì sọ pé ẹni tí ó sanwó 4K yóò ṣì máa rí 4K. Orúkọ kò yí padà. Ohun tí orúkọ gbé dání ni ó dín kù.

Àwa kò pe èyí ní olè jíjà. Ó sàn kí àwòrán rẹlẹ̀ díẹ̀ ju kí ó dúró gbagidi lọ. Ẹni tí ó bá sì jókòó jìnnà sí ẹ̀rọ kékeré, ojú rẹ̀ lè má mọ ìyàtọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó san owó ọ̀tọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó gbà.

Nítorí náà, a fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ máa kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ, ní gbogbo ìgbà, irú èyí tí ó ń wọlé gan-an. A fẹ́ kí àwọn tí ń ta dátà sọ bí tiwọn ti ń yára tó ní alẹ́, kì í ṣe ní òru nìkan nígbà tí ayé ti sùn. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa pẹ̀lú tó ná owó lórí 4K, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ọ̀nà wo ni yóò gbà wọlé. Ìròyìn kò tó àfojúbà, gbangba sì ni àṣá ń ta.