Ẹlẹ́yìn Tó Sún Síwájú Jù

Ẹ̀yin ará wa ní Tayi Village, àwọn kóòṣì ti ń ní kí ẹlẹ́yìn sún dé àárín pápá. Lóòótọ́, Saudi Arabia fi ọgbọ́n yìí mú Argentina ní ọfúsáìdì léraléra lọ́dún 2022, wọ́n sì nà wọ́n 2-1. Ṣùgbọ́n ní November 6, 2023, Tottenham gba káàdì pupa 2, wọ́n ku ẹni 9, síbẹ̀ wọn ò fà sẹ́yìn. Chelsea ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn wọn. Nicolas Jackson gbá 3 wọlé, ó di 4-1. Tiwa tún le jù: rẹfirí kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó ń gbé àsíá. Bí ẹlẹ́yìn ò bá yá lẹ́sẹ̀, ọmọ ni wọ́n máa bú, kì í ṣe kóòṣì. A rọ̀ yín, ẹ wo irú ọmọ tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ tó pàṣẹ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.