Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ, Ti Àgbàlagbà Kò Wọ Kèrègbè

Àwọn baba wa ló pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a bá ti gbọ́ ọ, ohun tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé kí èwe jẹ́ iṣẹ́ àgbà, kí àgbà náà má kọ iṣẹ́ èwe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò dúró síbẹ̀. Kò sí ibi tó ti sọ pé ọwọ́ tí kò wọ kèrègbè ti di ọwọ́ ẹ̀tẹ̀. Ohun tó sọ ni pé pẹpẹ wà, kèrègbè náà wà, ibi tí ọwọ́ kálukú bá dé ni kí ó ti ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ gbé ka iwájú àwa tí a ń gbé Ọ̀tà àti Ṣàngó, nítorí pé ìlú tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí tó báyìí ti gbàgbé pé pẹpẹ wà.

Ẹ dúró sí abẹ́ afárá Ṣàngó ní ìdájí, nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú bá ń bọ̀, tí àwọn ti òwúrọ̀ ń wọkọ̀ lọ sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Iléeṣẹ́ irin ń gba èèyàn, ti ike ń gbà, ti oúnjẹ ń gbà, ṣùgbọ́n ìkéde iṣẹ́ kì í pẹ́ kó tó dárúkọ iye ọdún tí ẹni tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ jù. Ẹni tó ti fi ogún ọdún gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, tó mọ ìgbà tí ó fẹ́ bàjẹ́ kí ó tó bàjẹ́, bí wọ́n bá ní kó máa lọ lónìí, géètì ni yóò máa ṣọ́ lọ́la, tàbí kó ra ọ̀kadà. Bó bá sì jẹ́ pé kásúà ló ṣe títí, kò ní owó ìfẹ̀yìntì kankan tí yóò gbà.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ètò yìí kò ṣàìní òwe tiwọn. Wọ́n á ní bí iná bá kú, á fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé tí wọn kò ríṣẹ́ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kí ló dé tí àgbà kò ní dìde fún wọn? Wọ́n á tún ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì: kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ báyìí, kí ni baba tó fi òòlù àti sípánà kọ́ṣẹ́ fẹ́ mọ̀ níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. N kò ní fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ẹ kàn jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibì kan láyé tí wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Orí pápá gọ́ọ̀fù ni.

Ní ọdún 1971, ọkùnrin adúláwọ̀ kan láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó, ó sì gba ife ìdíje gọ́ọ̀fù Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní Nigerian Open. Lee Elder ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n ti bí i ní oṣù keje ọdún 1934. Ogun àgbáyé kejì pa bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà kú láìpẹ́ sí i, ni ọ̀dọ̀ arábìnrin òbí rẹ̀ bá di ilé. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní ilẹ̀ wa níhìn-ín ṣe bẹ̀rẹ̀, kádì lòun náà: àpò igi àwọn olówó ló ń gbé kí òun fúnra rẹ̀ tó ní igi tí yóò fi gbá bọ́ọ̀lù.

Ọdún tí wọ́n bí i gan-an, 1934, ni ẹgbẹ́ PGA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú òfin wọn pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Oṣù kọkànlá ọdún 1961 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Elder ti pé ọmọ ọdún 27 nígbà náà. Ìdíje tí àwọn adúláwọ̀ dá sílẹ̀ fún ara wọn ló ń gbá kiri, ó sì ń nà wọ́n níbẹ̀ bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ọdún 1968 ló tó wọ ìdíje ńlá, ó ti lé ní 30 ọdún dáadáa. Ní Pensacola ní ọdún yẹn, wọn kò jẹ́ kí òun àti àwọn adúláwọ̀ yòókù wọ ilé ẹgbẹ́. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ.

Ọdún 1971 tó wá sí Èkó náà ni Gary Player, agbágọ́ọ̀fù ọmọ Gúúsù Áfíríkà, pè é sí ilẹ̀ wọn. Elder kò gbà láti lọ àfi bí wọn kò bá ní pín òǹwòran sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nípa àwọ̀, tí òun àti ìyàwó òun sì lè sùn síbi tó bá wù wọ́n. Wọ́n gbà fún un. Ní 1974, ó padà sí Pensacola yẹn kan náà, ó borí Peter Oosterhuis lẹ́yìn tí àmì wọn ti dọ́gba, ìṣẹ́gun náà ló sì ṣí ọ̀nà Augusta, níbi tí wọ́n ti ń gbá ìdíje Masters, fún un. Oṣù kẹrin ọdún 1975, ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje Masters, ó ti pé 40 ọdún. Ìhàlẹ̀ ikú pọ̀ débi pé ilé méjì ló háyà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èyí tó ń sùn sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìgbà èwe rẹ̀ ṣe lọ. Ìdíje mẹ́rin péré ló gbà nínú ìdíje ńlá Amẹ́ríkà. Ká ní pé báyìí ni ìtàn náà ṣe parí, à bá ní ìyà jẹ ẹ, à bá sì kẹ́dùn, kí a máa lọ. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ní 1980, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, ẹni tó bá ti pé 50 ọdún ló wà fún. Ní ọdún àkọ́kọ́ náà, Charlie Sifford, adúláwọ̀ tó ṣáájú Elder gba inú ẹ̀gún kọjá, gba ife níbẹ̀ ní ẹni ọdún 58. Elder pé 50 ní oṣù keje 1984. Kí ọdún tó parí, ó ti gba ife méjì. Ní 1985, ó gba mẹ́rin. Ó gba ọ̀kan ní 1986, ó tún gba ọ̀kan ní 1988. Mẹ́jọ lápapọ̀! Iye ife tó gbà níbẹ̀ lẹ́yìn 50 ọdún jẹ́ ìlọ́po méjì iye tó gbà nínú ìdíje ńlá Amẹ́ríkà kó tó pé e.

Mo fẹ́ kí a kíyè sí bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún Ọ̀tà. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọjọ́ mẹ́rin gbá ihò 72. Àwọn àgbà sábà máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta gbá 54. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje wọn, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè wọ ọkọ̀ kékeré káàkiri pápá. Ṣùgbọ́n ihò kò fẹ̀ sí i. Íńṣì mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́rin ni ihò ọmọ 20 ọdún, òun náà ni ti ẹni 60. Iye ìgbà tí o bá fi igi kan bọ́ọ̀lù ni wọn yóò kọ sílẹ̀, wọn kò ní fi ewú orí dín in kù. Wọ́n dín ẹrù kù, wọn kò dín òṣùwọ̀n kù. Kò sí ẹni tó ta Elder lọ́rẹ àánú. Àwọn oníṣòwò tó ná owó sí ìdíje àgbà náà pàápàá, èrè ni wọ́n ń wá: wọ́n ti rí i pé àwọn aráàlú ṣì fẹ́ wo ọwọ́ tó ti gbó.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dá àwọn alátakò wa lóhùn. Èyí àkọ́kọ́ ni pé àgbà ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ wo ni Elder dí ọ̀nà mọ́ ní 1985? Kò sí. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ń lọ ní tirẹ̀, ti àgbà ń lọ ní tirẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láìfara kanra. N kò sọ pé kí baba ẹni 58 ọdún jókòó ti ẹ̀rọ mọ́jú, kí ọmọ rẹ̀ wà nílé. Irú àgbà tó bá jókòó pa sí ipò tí agbára rẹ̀ kò gbé mọ́, èmi náà yóò ní kó dìde. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bó bá dìde, kó rí ibòmíràn jókòó sí tó jẹ́ ti iṣẹ́ tó mọ̀.

Èyí èkejì ni pé ayé ti yí. Bernhard Langer, ọmọ Jámánì tí òun náà bẹ̀rẹ̀ bíi kádì, ti gba Masters ní 1985 àti 1993 kó tó bọ́ sí ìdíje àgbà. Nígbà tí òfin tuntun ní 2016 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìdí igi gígùn ti àyà mọ́, bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ó ti tán fún un. Ó tún ọwọ́ rẹ̀ tò, ó sì ń gba ife lọ. Ní oṣù kọkànlá 2024, ọdún tí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó gba ife rẹ̀ kẹtàdínláàádọ́ta nínú ìdíje àgbà, ní ẹni ọdún 67. Ayé tuntun kò ní kí àgbà má kọ́ nǹkan tuntun. Ìgbà tí a kò bá fún un láyè láti kọ́ ọ ni ọgbọ́n rẹ̀ ń di wèrè.

Ìjọba wa náà mọ èyí, àwọn tó wù ú ló kàn ń ṣe é fún. Òfin ọdún 2012 fún ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì láyè títí di 70 ọdún. Òfin ọdún 2022 fi kún ti olùkọ́ di 65. Ní 2023, wọ́n tún òfin ilẹ̀ ṣe kí gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga lè dé 70. Ṣé ọgbọ́n orí nìkan ló ń gbó dáadáa ni, tí ọgbọ́n ọwọ́ kì í gbó? Àwọn Àwórì tó ni Ọ̀tà kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ìlú yìí fi lórúkọ, ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ ló ń jó, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà ni wọ́n ń jó o fún, ọwọ́ agbẹ́gi tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ère rẹ̀ sì ti ń jáde. Kò sẹ́ni tó ní kí ìyá àgbà wá jó nínú ère, kò sì sẹ́ni tó ní kó kúrò ní agbo.

Kí ni kí a wá ṣe? Owó rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọdún 1971 yẹn kan náà ni ìjọba dá àjọ ITF sílẹ̀ fún ìkọ́ṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ọdọọdún fún un, bí ó bá sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ bí àjọ náà ṣe fẹ́, ó lè gba tó ìdajì owó náà padà. Kí àwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà fi owó yìí gba àwọn wẹ́dà, fítà àti onímọ́ọ̀dù tó ti lé ní 50 ọdún bí olùkọ́. Kí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìdajì ọjọ́, ní ọ̀sán, láìsí iṣẹ́ òru. Ṣùgbọ́n kí òṣùwọ̀n wà: kí wọ́n dán àgbà fúnra rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á, kí wọ́n sì máa wo ohun tí àwọn ọmọ tó kọ́ lè ṣe lópin ọdún. Àgbà tí ọmọ kankan kò bá mọṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kó fi àyè sílẹ̀ fún àgbà mìíràn.

Gbogbo àgbà kọ́ ni yóò wọlé. Ọ̀pọ̀ àgbà agbágọ́ọ̀fù ni kò rọ́wọ́ mú nínú ìdíje yìí, nítorí pé orúkọ àtijọ́ kì í gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí ètò náà di ti ìgbọ̀wọ́. Ìdánwò ni àgbà ń fẹ́, kì í ṣe sàráà. Iléeṣẹ́ tí kò bá sì lè dán ẹni 52 ọdún wò kó tó lé e, kó má tún sọ fún wa mọ́ pé òun kò rí oníṣẹ́ ọwọ́ tó múná dóko ní Ọ̀tà. Òun fúnra rẹ̀ ló lé e lọ.