Ara Là Ń Wọ̀n, Kì Í Ṣe Nọ́ńbà



Owó tí a fi ẹja àti ata pa ní Sandgrouse, kò yẹ ká gbé e dé Balógun, ká fi ra sòkòtò jíìnsì tí yóò di ẹrù inú àpótí. Ìtìjú nọ́ńbà ló sábà máa ń fà á. Ẹlòmíì á ní 30 lòun ń wọ̀ láti ìgbà ọmọge, bẹ́ẹ̀ ó ti bímọ mẹ́rin! Nọ́ńbà kì í ṣe oyè. Èyí tí wọ́n ń pè ní 12 ní Lọ́ńdọ̀nù, 8 ni l'Ámẹ́ríkà.

Ẹ mú téèpù dání. Sòkòtò tí a máa ń fi yí ọrùn ká wò, ibi bẹ́líìtì nìkan nìyẹn ń wọ̀n, kò mọ ti ìdí àti itan. Ẹni tó bá ní ìdí, kó ra èyí tó gba ìdí, kí télọ̀ bá a dín ibi bẹ́líìtì kù. Èyí tó bá fún, télọ̀ ò rí ibi fà á dé. Ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ, kó wá èyí tó gòkè bo ìdodo.

Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé apẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ṣí, tàbí itan bá ń kú, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Bí jíìnsì ò bá sì gba ọmọbìnrin yín, ẹ má jẹ́ kó febi pa ara rẹ̀. Ẹ bá a wá òmíràn. Sòkòtò ló yẹ kó bá ara mu.

Ọjà á tà o.